Ohun Tó Ń Dún Nínú Ọkọ̀ Wa

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Johannesburg kì í ṣe òtútù, kì í sì í ṣe àwọn olè tí gbogbo ará ilé ti fi dẹ́rù bà mí. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn ọkọ̀ ni. Ní Iléṣà, tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, o ti mọ̀ kó tó yọ sí ọ: o gbọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ń gbọ̀n, o gbọ́ sàlẹ́ńsà rẹ̀ tó ń hó, o gbọ́ dẹ́rẹ́bà tó ń bá a jà. Ní ọjọ́ kẹta tí a dé síbí, mo dúró sí etí títì, mo ka ọkọ̀ mẹ́rìnlá tó kọjá. Yàtọ̀ sí takisí kan tó ń fun fèrè wá èrò, kò sí èyí tó sọ ju "fìì" lọ. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé àwọn ọkọ̀ ìlú yìí ń yọ́ rìn bí ẹni tí wọ́n ń wá.

Ó ní, "Bàbá Mofẹ́, ẹ fi àwọn ọkọ̀ sílẹ̀. Àwa ni wọ́n ń wá."

Télọ̀ ni mí. Nílé, agbádá ni mo ń rán. Níbí, ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni mo ń gé fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò gbà ju ẹ̀rọ méjì àti àga kan lọ. Ọdún kan gbáko ni mo fi gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò láìrí ojú ẹni tó ni ín, nítorí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ níwájú. Mo mọ gbogbo wọn láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìdajì íǹṣì kì í ṣe nǹkan kékeré lójú rẹ̀. Mo sọ èyí kí ó lè yé yín, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹlòmíràn ìbá ti tan rédíò sókè kó gbàgbé rẹ̀.

Àjà kẹta ilé kan ní Bertrams la kọ́kọ́ gbé. Ibẹ̀ ni eyín àkọ́kọ́ ti yọ lẹ́nu Mofẹ́, ọmọ wa kan ṣoṣo, nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní agboolé wa, ọmọ tí eyín rẹ̀ bá yọ á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tó jẹ́ iye ọdún rẹ̀, á kó o mọ́ eyín náà, á sì jù ú sórí òrùlé, kí aláǹgbá má bàa rí i, kí tuntun lè hù. Ọmọ náà ṣa òkúta mẹ́fà wá láti ìsàlẹ̀, ó bi mí pé òrùlé dà. Mo wòkè. Òrùlé wa ni ilẹ̀ tí àwọn ará àjà kẹrin ń rìn lórí rẹ̀. Mo ní kó tọ́jú rẹ̀, pé a ó jù ú sórí òrùlé ìyá àgbà nígbà tí a bá dé Iléṣà. Irú ọ̀rọ̀ tí òbí máa ń sọ kí ọmọ lè lọ sùn nìyẹn. Mo ti gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008, mo ra ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan ní Randburg. Ọkọ̀ pupa kékeré, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó fi ọdún mẹ́sàn-án ju Mofẹ́ lọ. Ìdí tí mo fi rà á kò ju ẹyọ kan lọ: mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa dá wọ takisí lọ sí ilé ìwé. Bàbá náà fún mi ní ìwé tó kọ gbogbo ọjọ́ tó ti pààrọ̀ ọ́ìlì sí. Ọkọ̀ náà dákẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo wà á délé, inú mi ń dùn pé ó kéré tán, ẹnì kan nínú ẹbí wa ti dà bí ọmọ onílẹ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀sẹ̀ burúkú yẹn dé, tí wọ́n ń lé àlejò kúrò láwọn àdúgbò kan, tí wọ́n ń sun ilé. Wọn kò dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi ni mò ń lọ bá wọn nínú orí mi lójoojúmọ́. A gbọ́ pé wọ́n ń dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á tọ́ka sí ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á ní kó sọ orúkọ rẹ̀ ní èdè Súlù; ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àlejò ni. Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ béèrè rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sára fíríìjì: indololwane. Kí a tó jẹun, ẹni kọ̀ọ̀kan á di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, á sọ ọ́. Mofẹ́ sọ ọ́ dáadáa. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ sín. Èmi fúnra mi, aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ Súlù gbọ́ tèmi lẹ́ẹ̀mẹta, ó mi orí, ó ní tí wọ́n bá dá mi dúró, kí n ṣe bí odi.

Mo wá ṣe òfin mẹ́ta. Ìkíní, kò sí Yorùbá níta. Ìkejì, ohun tí ẹ kò bá lè fi sílẹ̀, kó ti wà nínú ọkọ̀, torí tí a bá ń lọ, a kò ní padà wọlé mú nǹkan kan. Ìkẹta, ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ẹrù wa wà fún ẹnikẹ́ni.

Mofẹ́ tẹ́tí. Ó tún un sọ lẹ́yìn mi bí ẹni ń kọ́ àkọ́sórí: "Ẹnikẹ́ni."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìlú rọ̀. Mo kó báàgì wa kúrò nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀, mo yẹ ohun inú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pé. Gbogbo nǹkan ni mo dá padà sí ààyè rẹ̀. Àwọn òfin náà nìkan ni mi ò rántí láti fagi lé.

*

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ní àkọ́kọ́, ó rọra ń dún, lẹ́yìn, bí ẹni tó ń họ nǹkan. Kẹ́rẹ́. Mo pa rédíò. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Mo dúró, mo sọ̀kalẹ̀, mo gbọn ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ti bọ́ọ̀tù pa lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọlé, mo wà á. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

Ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe ti ọkọ̀ nìkan. Láti ìgbà wàhálà yẹn, mo ti kọ́ bí a ṣe ń wà láìsí ẹni tó gbọ́ wa. Mo ti kọ́ láti sọ "eish" tí inú bá bí mi, kí n sì sọ "shap", ìyẹn "ó ti dáa" lẹ́nu wọn, tí ó bá yọ́. Nínú takisí, mo máa ń nawọ́ owó ọkọ̀ mi fún ẹni iwájú láìsọ̀rọ̀, bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Mo ti kọ́ ọmọ mi láti má fi ohùn tú ara rẹ̀. Ìgbà yìí wá ni ọkọ̀ wa yan láti máa sọ̀rọ̀. Tí a bá dúró níbi róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbí, tí mo bá tún gbéra, gbogbo ènìyàn á yíjú sí wa. Ọkọ̀ náà ní ohùn àlejò. Ká ní wọ́n bi í ní orúkọ ìgbọ̀nwọ́, kò ní mọ̀ ọ́n.

Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ìró náà sínú rẹ̀: ọjọ́, títì, ìyára, apá ibi tó ti dún, bó ṣe dún.

"Ajé. Títì tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ellis Park. Ogójì. Ẹ̀yìn, òsì. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́."

"Ọjọ́rú. Títì kan náà, ìyára kan náà. Ẹ̀yìn, ọ̀tún. Báwo?"

Ìyá Mofẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ onídìrí ní ìgboro, gbé ìwé náà, ó kà á tán, ó dá a padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ọkọ̀ lẹ rà, Bàbá Mofẹ́, ẹ kò ra rédíò. Kí lẹ ń gbọ́ tó báyìí?"

"Ariwo kan ń rìn nínú ọkọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó rìn. Àwa náà ń rìn."

Mo mọ̀ pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló yẹ kó gbọ́ jù, Mofẹ́ ló sì ń jókòó sẹ́yìn. Láràárọ̀, bí a bá ti dé ibi tí títì ti rí págunpàgun, màá bi í pé, "Mofẹ́, ṣé o gbọ́ ọ?"

"No, Daddy."

"Ìyẹn ńkọ́?"

"I didn't hear anything, Daddy."

Ariwo náà á sì ń lọ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́yìn orí rẹ̀ bí eku tó ń jẹ àpótí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mo gbà pé ọmọ mi ti ń dití. Mo gbé e lọ sí kíliníìkì. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan sí etí rẹ̀, ó ní kó máa na ọwọ́ tó bá gbọ́ ìró. Ọmọ náà na ọwọ́ sí ìró tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa. Ó ní etí ọmọ náà dá ṣáṣá. Ó wá wò mí, ó ní kí èmi náà jókòó. Tèmi ló kù díẹ̀ káàtó.

*

Mẹkáníìkì wa ni Wàsíù, ọmọ Mushin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Bertrams. Ó mọṣẹ́, ó sì fẹ́ràn láti tú nǹkan. Mo ka ìwé mi fún un láti ojú ewé kìíní. Ó gbọ́ ojú ewé mẹ́ta, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kà mọ́. Ṣọ́kì ẹ̀yìn ni."

Ó pààrọ̀ ṣọ́kì ẹ̀yìn méjèèjì. Ọkọ̀ náà kò fò sókè mọ́ tó bá kan kòtò, ṣùgbọ́n ó ń dún. Mo padà lọ. Ó ní okùn tó gbé sàlẹ́ńsà ni. Ó pààrọ̀ ìyẹn náà. Ọkọ̀ ń dún. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun di ọ̀sán, kí òun tú ẹ̀yìn rẹ̀ palẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, ìṣe Wàsíù ti yàtọ̀. Ó dìde kí n tó débẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí mi, ó sì tẹrí ba ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo ní, "Wàsíù, ṣé o rí i?"

"Ẹ̀gbọ́n," ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, "ariwo kan wà tí mẹkáníìkì kì í dá sí."

"Irú èwo nìyẹn?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn máa rọra wà á."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi bó ṣe sọ ọ́. Mo rò pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ni.

Wòlíì ìjọ wa gbọ́ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, ó wọ́n omi sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ lu òrùlé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀meje, ó ní ẹnì kan láti ilé bàbá mi ló jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn láìsọ̀rọ̀. Ó ní kí ẹni náà sọ̀kalẹ̀. Mofẹ́, tó jókòó sẹ́yìn láìsọ̀rọ̀, sọ̀kalẹ̀.

Ọjọ́ méjì gbáko ni ọkọ̀ náà fi dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó padà. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀.

*

A kó lọ sí Turffontein ní 2009, sí yàrá méjì lẹ́yìn ilé ìyá arúgbó kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gogo, ìyẹn ìyá àgbà lédè wọn. Ilé rẹ̀ kò lókè, páànù ló sì wà lórí rẹ̀. Ilé ìwé Mofẹ́ wá jìnnà sí i. Ariwo náà sì ń dàgbà. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nínú ìwé mi nìyí: kì í ṣe pé kò lọ, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Á wà bákan náà fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lójijì á lé kún. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ ti di ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Lójú mi, táyà ẹ̀yìn kan ti múra àtilọ. Mo ń rí i tó ń yí lọ níwájú wa lórí títì ńlá, èmi lórí bíréèkì, ọmọ mi lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo fóònù ẹ̀gbọ́n mi ní Iléṣà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù kó tó fi í sílẹ̀. Mo sọ òtítọ́ fún un pé mo ti pinnu: tí mi ò bá rí ìdí ariwo yìí kí ilé ìwé tó gba ìsinmi oṣù Kejìlá, màá ta ọkọ̀ náà, màá sì fi Mofẹ́ ránṣẹ́ sí i ní Iléṣà. Mi ò ní jẹ́ kó wọ takisí, mi ò sì ní jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ rìn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìwọ àti ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"A ó máa bá iṣẹ́ lọ."

"Kí ọmọ máa gbé níhìn-ín, kí ẹ̀yin máa gbé lọ́hùn-ún, torí pé ọkọ̀ ń ṣẹ́kẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ṣẹ́kẹ́ lásán."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ ọkọ̀ náà, kí o pè mí níbi tó ti ń dún. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ fúnra mi."

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Mofẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀sẹ̀ ilé ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀.

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá kúrò nílé nítorí ọmọ, tó wá ń dá ọmọ padà sílé nítorí ìbẹ̀rù, kí ló wá kù tó ń ṣe níbi tó lọ? Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni. Mo mọ ìdáhùn náà nígbà yẹn pàápàá, ṣùgbọ́n mo ti kọ ìpinnu mi sínú ìwé, mo sì ti fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

*

Lọ́jọ́ Sátidé náà, gbogbo wa wọ ọkọ̀. Ìyá Mofẹ́ jókòó níwájú, ó di fóònù mú, ó sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Mo gba ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá eré ẹṣin, níbi tí títì ti rí jákujàku.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?"

"Ìwọ ni mò ń gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Dákẹ́."

Mo dákẹ́. Ọkọ̀ náà ń sọ tirẹ̀.

"Mi ò gbọ́ nǹkan gidi. Fi ẹnu ṣe é fún mi."

Mo ní, "Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, nígbà míì ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́."

Ìyàwó mi ní, "Lójú tèmi, gbọ̀ngbọ̀n ni."

"Ẹ dúró ná!" Ohùn ẹ̀gbọ́n mi le. "Ẹ má pa á pọ̀. Èyí tó bá ń dún lókè ahọ́n, nǹkan kékeré ni, kì í pa ènìyàn. Èyí tó bá lọ sísàlẹ̀, gbọ̀ngbọ̀n, gbàgàgbàgà, nǹkan ńlá ni, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ lónìí. Ta ló jókòó sẹ́yìn?"

"Mofẹ́ ni."

"Mofẹ́! Bàbá Iléṣà ni. Báwo ló ṣe ń dún?"

Nínú dígí, mo rí Mofẹ́ tó ń wo ojú fèrèsé, tó ń wo àwọn ènìyàn tó ń kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Daddy, are we outside?"

Ó ṣe díẹ̀ kí ó tó yé mi. Òfin kìíní ni. Kò sí Yorùbá níta. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá inú ọkọ̀ jẹ́ ilé ni àbí ìta. Mi ò tíì ronú nípa rẹ̀ rí.

Mo ní, "Inú ọkọ̀, ilé ni."

Ó fa èémí sínú. "Ẹ káàsán, Bàbá Iléṣà. Ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ṣùgbọ́n tí Dádì bá tẹ bíréèkì, ó máa ń dà ṣàà."

"Ó máa ń kí ni?"

"Ó máa ń dà. Ṣàà."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ìyàwó mi gbé fóònù jìnnà sí etí. "Àbúrò! Ọdún kan àbọ̀ lo fi ń kọ̀wé, o kò gbọ́ ohun tí ọmọdé yìí gbọ́. Kò ní ó ń lu nǹkan, kò ní ó ń gbá nǹkan. Ó ní ó ń dà. Nǹkan tó bá ń dà, ó pọ̀, ó wẹ́, ó sì wà nínú nǹkan. Kò sí irin tí ń dà lára ọkọ̀. Agolo ló wà níbẹ̀. Ẹrù ni. Dúró, kí o bi ọmọ rẹ."

Mo dúró sí etí títì. Mofẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, ó lọ sẹ́yìn, ó ṣí bọ́ọ̀tù. Ó gbé rọ́ọ̀gì kúrò, ó na ọwọ́ sí abẹ́ táyà sípíà, ó fa agolo mílíìkì kan jáde. Ó fà á mọ́ra.

Mo ṣí i. Eyín wẹ́wẹ́ mẹ́fà, òkúta méjìlélógójì. Mo kà á níbẹ̀. Eyín méjì tó yọ ní ọdún mẹ́fà, òkúta mẹ́fà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì ní ọdún méje, òkúta méje fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì ní ọdún mẹ́jọ. Ìṣirò rẹ̀ pé láìku ẹyọ kan. Gbogbo ìgbà tí ariwo náà lé kún nínú ìwé mi, eyín kan ló yọ.

Ìyá rẹ̀ ní, "Mofẹ́, kí ló dé tí o fi kó o síbí?"

"Dádì ní ohun tí a kò bá lè fi sílẹ̀, kó wà nínú ọkọ̀." Yorùbá ló ń sọ, ó ń sọ ọ́ kíákíá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkọ̀ ló máa gbé wa lọ sílé ìyá àgbà. Òrùlé wà níbẹ̀."

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Gbogbo ìgbà tí mò ń bi ọ́?"

"Ẹ ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé èmi ni ẹnikẹ́ni?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò mọ ìwé. "Ẹnikẹ́ni lẹ sọ, Dádì. Ẹ kò ní àyàfi ẹ̀yin."

Ó ti gbìyànjú. Ó ní tí mo bá ti béèrè ariwo láàárọ̀, òun á gbé agolo náà lọ sí apá kejì. Òun ti fi ìbọ̀sẹ̀ wé e nígbà kan, ó sì dákẹ́, ṣùgbọ́n ti ilé ìwé ni ìbọ̀sẹ̀ náà, òun sì gbọ́dọ̀ mú un padà wọ̀. Mo ronú padà sí ọjọ́ méjì tí omi wòlíì fi ṣiṣẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ ni.

Ó wá bi mí ní ohun tó ti gbé sọ́kàn láti ọjọ́ Àìkú. "Tí ẹ bá fi èmi nìkan ránṣẹ́ nínú bàálù, tí ẹ sì ta ọkọ̀, báwo ni agolo á ṣe dé?"

Láti inú fóònù, tí a ti gbàgbé, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò, dá ọmọ lóhùn."

Mo ní kò sí ẹni tó ń lọ nínú bàálù. Mo mú ìwé mi jáde, mo wá ìlà tí mo fà, mo sì fagi lé ohun tó wà lókè rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Mo fagi lé òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà bí a ti ń lọ sílé, pẹ̀lú ẹnu.

*

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé agolo náà lọ bá Wàsíù. Bó ṣe rí i lọ́wọ́ mi, ó sún sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kan ohun inú ẹ̀! Mo kàn ṣí i lẹ́ẹ̀kan, mo rí eyín, mo dé e padà. Ibi tí mo ti gbé e ni mo rọra gbé e sí."

"O ti rí i láti ìgbà yẹn, o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, eyín ènìyàn pẹ̀lú òkúta, nínú agolo, lábẹ́ táyà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kí ni kí n sọ? Mo ní àgbà lẹ̀yin, ìlú le, ẹ ti múra yín sílẹ̀." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo tiẹ̀ ti sọ fún àwọn ará Bertrams pé kí wọ́n má ṣe fi yín ṣeré."

Gbogbo oṣù tó kẹ́yìn tí mo lò ní Bertrams ni àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀ fi ń kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó pọ̀. Mo rò pé nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

*

Mofẹ́ ló wo òrùlé Gogo. Ó ní, "Dádì, òrùlé nìyí." Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a kó débẹ̀, kò sí ẹni nínú wa tó rò pé a lè lò ó.

A dúró sí ẹ̀yìnkùlé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ó ju eyín kìíní àti òkúta mẹ́fà sókè. Páànù náà hó bí ẹni tó da ẹ̀wà sínú ìkòkò òfìfo. Ó ju èkejì. Kí ó tó ju ìkẹta, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí gbàgà, Gogo yọ, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń pariwo ní Súlù pé ta ló ń sọ òkúta lu ilé òun.

Gbogbo ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọdún 2008 dúró níwájú mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀, àwa ni a sì sọ òkúta. Mo ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde.

"Indololwane!"

Gogo dúró. Ó wo ìgbọ̀nwọ́ mi. Ó ní, "Kí ló ṣe ìgbọ̀nwọ́ ẹ?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ dáadáa nìyẹn, ìyàwó mi sì wà níbẹ̀ tó gbọ́.

Mofẹ́ ló ṣàlàyé, ó fi Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Súlù tó ti kọ́ nílé ìwé, ó ya ẹnu rẹ̀ fi àwọn eyín tuntun hàn án. Gogo gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó ní, "Eish, àwa náà ń jù ú." Ó ní orí òrùlé ìyá òun ni eyín tòun wà títí di òní. Ó wá tọ́ka: "Ṣùgbọ́n ẹ jù ú sí apá ọ̀hún. Apá ibí yìí, ẹ ó dí ojú ọ̀nà omi mi."

Mofẹ́ ju eyín mẹ́ta àti òkúta méjìlélógún sí apá ọ̀hún. Ó dé agolo náà pẹ̀lú ẹyọ eyín kan àti òkúta mẹ́jọ. Ó ní ìyẹn jẹ́ ti ìyá àgbà. Ó gbé e padà sí abẹ́ táyà sípíà, mo sì bá a ti bọ́ọ̀tù pa.

Ní 2010, ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé dé, gbogbo ìlú ń fun fèrè oníke láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àwọn ọkọ̀ tó ti ń yọ́ rìn láti ọjọ́ yìí náà wá ń pariwo. Ọkọ̀ wa kò yàtọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n awakọ̀ takisí kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbi róbọ́ọ̀tì gbọ́ ọ. Ó na ọrùn jáde, ó ń tọ́ka sí ẹ̀yìn wa.

"Baba! Something is loose!"

Kí n tó wá ohun tí màá sọ, Mofẹ́ ti yí gíláàsì tirẹ̀ sílẹ̀, ó ti yọ orí síta pátápátá, ó sì dá a lóhùn ní Yorùbá, ketekete, lójú gbogbo ènìyàn:

"Kò tú o. Ẹrù wa ni!"

Ọkùnrin náà ronú sí i díẹ̀. Iná yí padà sí àwọ̀ ewé.

"Shap," ó ní, ó sì lọ.